Ìjà Ìlà-Oòrùn àti Ìwọ̀-Oòrùn Nínú Ewì Urdu àti Ewì Páṣíà: Àyẹ̀wò Iṣẹ́ Akbar, Iqbal àti Nima

1.0 Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní kòkòrò tí ó ń jẹ obì, inú obì ni ó wà. Òwe yìí ni ó yẹ kí ó wà lọ́kàn ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ ṣe lámèyítọ́ ewì tí àwọn akéwì Íńdíà àti ti ilẹ̀ Páṣíà, tí ó ń jẹ́ Iran lónìí, kọ lórí ìjà tí ó wà láàrin ọ̀làjú Ìlà-Oòrùn àti ọ̀làjú Ìwọ̀-Oòrùn. Ohun tí ó wọ́pọ̀ nínú àríyànjiyàn lórí ewì wọ̀nyí ni pé kí ènìyàn pín àwọn akéwì náà sí ọ̀nà méjì: àwọn tí wọ́n gbèjà Ìlà-Oòrùn, àti àwọn tí wọ́n fi ara wọn ṣe ẹrú fún Ìwọ̀-Oòrùn. Ohun tí akéwì sọ ni wọ́n fi ń ṣe ìpín yìí. Èdè tí ó fi sọ ọ́, ẹnu ẹni tí ó fi ọ̀rọ̀ náà sí, àti ìhun tí ó gbé e lé lórí, gbogbo ìwọ̀nyí ni wọ́n máa ń fi sílẹ̀ láìyẹ̀ wò.

Èrò tí iṣẹ́ yìí gbé kalẹ̀ ni pé ìpín bẹ́ẹ̀ kò lè dúró bí ènìyàn bá ka ewì náà fínnífínní. Ààlà tí ó wà láàrin Ìlà-Oòrùn àti Ìwọ̀-Oòrùn kò gba àárín akéwì kan àti akéwì kejì kọjá. Inú ewì kọ̀ọ̀kan ni ó gbà. Ewì tí ó mọ èyí ni ó lágbára jù. Èyí tí ó gbàgbé rẹ̀, bí ohùn rẹ̀ ti wù kí ó le tó, ìkéde lásán ni ó máa ń dà. Akéwì mẹ́ta ni àyẹ̀wò yìí dá lé lórí: Akbar Allahabadi (1846–1921) tí ó fi èdè Urdu kọ ewì, Muhammad Iqbal (1877–1938) tí ó lo Urdu àti Páṣíà, àti Nima Yushij (1897–1960) tí ó lo èdè Páṣíà. Ní ìparí, ọ̀rọ̀ díẹ̀ yóò wáyé lórí Forugh Farrokhzad, nítorí pé ohùn rẹ̀ fi àlàfo kan tí ó wà nínú iṣẹ́ àwọn ọkùnrin wọ̀nyí hàn.

Ó dára kí ọ̀rọ̀ méjèèjì tí ìjà náà ń jẹ́ kọ́kọ́ yéni. Nínú èdè Lárúbáwá, tí Urdu àti Páṣíà ti yá ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀rọ̀, mashriq ni ibi tí oòrùn ti ń yọ, maghrib sì ni ibi tí ó ń wọ̀ sí. Ọ̀rọ̀ kejì yìí kò ṣàjèjì sí etí Yorùbá, nítorí pé òun náà ni ó wà nínú orúkọ ìrun màgàríbì tí àwọn Mùsùlùmí ń kí nígbà tí oòrùn bá wọ̀. Bí èdè Yorùbá ṣe fi oòrùn sọ ìhà méjèèjì lórúkọ náà ni èdè Lárúbáwá ṣe sọ wọ́n. Oòrùn kan ṣoṣo ni ó so ibi méjèèjì pọ̀. Ibi tí ó ti jáde àti ibi tí ó ń lọ ni wọ́n fi yàtọ̀. Iqbal kò gbàgbé èyí, gẹ́gẹ́ bí yóò ti hàn níwájú.

2.0 Ohun tí ó bí ìjà náà

Fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún, èdè Páṣíà kì í ṣe èdè ilẹ̀ Páṣíà nìkan. Òun ni èdè ààfin, èdè ilé-ẹjọ́ àti èdè àwọn ọ̀mọ̀wé ní Íńdíà lábẹ́ àwọn ọba Mughal. Ní 1835, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tí ó wà ní Íńdíà gba ìmọ̀ràn Macaulay pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa náwó lé lórí nínú ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ilẹ̀ náà. Ní 1837, wọ́n mú èdè Páṣíà kúrò gẹ́gẹ́ bí èdè ilé-ẹjọ́. Lẹ́yìn ogun 1857, wọ́n lé Bahadur Shah Zafar, ọba Mughal tí ó kẹ́yìn, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ akéwì Urdu, lọ sí Rangoon. Ibẹ̀ ni ó kú sí ní 1862. Láti ìgbà yìí lọ, àwọn akéwì Delhi kò ní ààfin tí yóò gbọ́ bùkátà wọn mọ́. Ohun tí wọ́n bá níwájú wọn ni ilé-ẹ̀kọ́ òyìnbó, ilé-ẹjọ́ òyìnbó àti ilé ìtẹ̀wé.

Ìyípadà náà kò dúró sí ìta ewì. Ní 1874, ẹgbẹ́ Anjuman-e Punjab pe àwọn akéwì jọ ní Lahore, pẹ̀lú ìtìlẹ́yìn Holroyd, òyìnbó tí ó ń bójú tó ẹ̀kọ́ ní agbègbè náà. Tẹ́lẹ̀ rí, ìlà ewì kan ni wọ́n máa ń fún àwọn akéwì nínú irú ìpàdé bẹ́ẹ̀, kí oníkálukú fi òṣùwọ̀n àti ìró rẹ̀ kọ tirẹ̀. Ní Lahore, orí-ọ̀rọ̀ ni wọ́n fún wọn, gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ ti í fún akẹ́kọ̀ọ́. Altaf Husain Hali (1837–1914) wà lára àwọn tí ó kópa níbẹ̀. Òun ni ó kọ ewì gígùn nì, Musaddas, ní 1879, láti dárò bí ipò àwọn Mùsùlùmí ti wó lulẹ̀. Nítorí náà, kí ewì Urdu tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa Ìwọ̀-Oòrùn, ọwọ́ Ìwọ̀-Oòrùn ti wà nínú ọ̀nà tí wọ́n fi ń pe akéwì láti wá kéwì.

Ti Iran yàtọ̀ díẹ̀. Kò sí amúnisìn tí ó jókòó sí orí ìtẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n Rọ́ṣíà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pín agbára wọn lórí rẹ̀ láàrin ara wọn ní 1907, ọdún kan péré lẹ́yìn tí àwọn ará ìlú fi agídí gba òfin àti ìgbìmọ̀ aṣòfin lọ́wọ́ ọba wọn. Èdè Faransé ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ Tehran fi mọ lítíréṣọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù.

3.0 Akbar Allahabadi: ẹ̀rín inú ilé-ẹjọ́

Iṣẹ́ adájọ́ ni Akbar ṣe lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ìjọba náà sì fún un ní oyè Khan Bahadur. Ọkùnrin yìí kan náà ni ó sọ ọ̀làjú òyìnbó di ohun ẹ̀rín ju akéwì Urdu èyíkéyìí lọ ní ìgbà ayé rẹ̀. Ó rán ọmọ rẹ̀ ọkùnrin lọ kàwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn náà ó kọ ewì láti bá ọmọ náà wí pé ó ti gbàgbé adùn ilé. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi òfin ìpín méjì ṣe ìdájọ́ Akbar yóò ní alágàbàgebè ni. Ṣùgbọ́n ewì rẹ̀ kò jẹ́ kí ìdájọ́ náà rọrùn tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà tí Akbar ń gbà ṣiṣẹ́ ni pé ó máa ń mú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá sí ibi tí ó lọ́lá jù nínú ìlà ewì Urdu, èyí ni ìparí rẹ̀, ibi tí ìró ti gbọ́dọ̀ bára mu. Nínú ewì kúkúrú kan tí ó gbajúmọ̀ púpọ̀, ó ṣàròyé pé láti inú páìpù ni òun ti ń mu omi báyìí, lẹ́tà táìpù ni òun sì ń kà dípò ìwé tí a fi ọwọ́ kọ. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjèèjì ni ó fi gbé ìró ìparí ìlà. Lẹ́yìn èyí ni ó ní inú ń ṣú òun, ojú sì ń ro òun, ó wá ké gbàjarè sí ọba Edward pé kí ó gba òun.

Òǹkàwé lè rẹ́rìn-ín kí ó sì kọjá lọ. Ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta wà níbẹ̀ tí ó tọ́ kí lámèyítọ́ dúró wò. Àkọ́kọ́, láìsí ọ̀rọ̀ òyìnbó, ewì náà kò lè parí. Ohun tí ó ń fi ẹ̀sùn kàn ni ó fi ṣe òpó ilé. Èkejì, ọ̀dọ̀ ọba àwọn tí ó kó páìpù àti táìpù wá náà ni ó gbé ẹjọ́ lọ, nítorí pé kò sí ọba mìíràn tí ó kù. Ẹ̀kẹta, ojú ni àrùn náà mú. Nínú èdè Yorùbá, ojú tí ó là ni orúkọ ohun tí òyìnbó sọ pé òun mú wá. Nínú ewì Akbar, ojú tí ó yẹ kí ó là ni ó ń ro ó. Kò sọ pé kí wọ́n kó páìpù náà padà. Ohun tí ó fi hàn ni ènìyàn kan tí ohun tuntun ti dé inú ikùn rẹ̀, tí kò sì rí ibòmíràn tí yóò ti mu omi.

Níbi tí Akbar ti kùnà ni ibi tí ó ti gbé ẹrù ìjà náà lé orí ẹlòmíràn. Nínú àwọn ìlà tí ó fi ṣe yẹ̀yẹ́ àwọn obìnrin tí wọ́n bọ́ ìbòjú sílẹ̀, ó pa ẹ̀rín lára àwọn ọkùnrin pẹ̀lú, ó ní ìbòjú náà ti ṣí kúrò lójú ìyàwó, ó ti lọ bo làákàyè ọkọ. Ọ̀rọ̀ náà dùn, ṣùgbọ́n obìnrin tí ó wà nínú rẹ̀ kò sọ ohunkóhun. Àmì lásán ni ó jẹ́, ohun tí àwọn ọkùnrin fi ń wọn bí Ìlà-Oòrùn ti ṣubú tó. Nínú ewì páìpù, akéwì ni aláìsàn. Nínú ewì ìbòjú, ara ẹlòmíràn ni ó ń wá àìsàn sí.

4.0 Muhammad Iqbal: ẹjọ́ tí òyìnbó bá ara rẹ̀ rò

4.1 Èdè àti ìdáhùn

Sialkot ni wọ́n bí Iqbal sí. Èdè Punjabi ni èdè abínibí rẹ̀. Láàrin 1905 àti 1908, ó kàwé ní Cambridge, ó kọ́ ìmọ̀ òfin ní London, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Munich pẹ̀lú iṣẹ́ lórí èrò ìjìnlẹ̀ ilẹ̀ Páṣíà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ iṣẹ́ náà. Lẹ́yìn tí ó padà dé, èdè Páṣíà ni ó fi kọ Asrar-e Khudi (Àṣírí Ìmọ-Ara-Ẹni) ní 1915. Títí ó fi kú, ó ju ìdajì ewì rẹ̀ lọ tí ó wà ní èdè Páṣíà, bẹ́ẹ̀ ni kò fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ Iran rí. Nítorí náà, èdè tí ó fi sọ̀rọ̀ lórúkọ Ìlà-Oòrùn kì í ṣe èdè ìyá rẹ̀, kì í sì í ṣe èdè tí àwọn ará ìlú rẹ̀ fi ń nájà. Ìlà-Oòrùn tirẹ̀, inú ìwé ni ó ti kó o jọ.

Èyí hàn kedere nínú Payam-e Mashriq (Iṣẹ́ Tí Ìlà-Oòrùn Rán), tí ó jáde ní 1923. Ìdáhùn ni ìwé náà jẹ́ sí ìwé ewì tí Goethe, akéwì Jámánì, tẹ̀ jáde ní 1819 lẹ́yìn tí ó ka ewì Hafiz nínú ìtumọ̀ èdè Jámánì. Ẹ jẹ́ kí a tẹ̀ lé ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ náà gbà: Hafiz kéwì ní Shiraz ní ọ̀rúndún kẹrìnlá, òyìnbó kan túmọ̀ rẹ̀, òyìnbó kejì kà á, ó sì dá a lóhùn, ọmọ Íńdíà tí ó kàwé ní Jámánì wá dá òyìnbó náà lóhùn ní èdè Hafiz. Iṣẹ́ tí Ìlà-Oòrùn rán yìí ti gba Ìwọ̀-Oòrùn kọjá kí ó tó padà sílé.

Ohun tí ó tún mú kí ọ̀rọ̀ náà díjú ni pé Iqbal ti bá Hafiz jà tẹ́lẹ̀. Nínú àtẹ̀jáde àkọ́kọ́ Asrar-e Khudi, ó kìlọ̀ fún àwọn Mùsùlùmí kí wọ́n ṣọ́ra fún Hafiz, nítorí pé orin rẹ̀ ń kun ènìyàn lóorun. Ọ̀pọ̀ ènìyàn bínú, ó sì yọ ibẹ̀ kúrò nínú àtẹ̀jáde kejì. Síbẹ̀, nínú Payam-e Mashriq, apá kan odindi kún fún ghazal, èyí ni ewì kúkúrú tí ìlà rẹ̀ ń parí pẹ̀lú ìró kan náà, tí ó sì jọ ti Hafiz ní ohùn àti ní ìṣọwọ́lò-èdè. Ẹni tí ó sọ pé Hafiz ni ó jẹ́ kí Ìlà-Oòrùn sùn ni ó wá fi ohùn Hafiz jí òyìnbó. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn ìkéde Iqbal nìkan ni lámèyítọ́ kà, kò lè rí ìjà yìí, bẹ́ẹ̀ sì ni ìjà yìí gan-an ni ó fún ìwé náà ní ẹ̀mí.

4.2 Ọpọlọ àti ìfẹ́

Iqbal ní àdámọ̀ kan tí àwọn tí ó fẹ́ràn rẹ̀ máa ń tún sọ láìsinmi: pé ọpọlọ ni ti Ìwọ̀-Oòrùn, ìfẹ́ ni ti Ìlà-Oòrùn. Nínú ewì kan nínú Payam-e Mashriq, akéwì jókòó ní òru, ó ń tú kókó inú èrò Hegel, onímọ̀ èrò ìjìnlẹ̀ Jámánì. Ìjì gbé ọkàn rẹ̀, oorun sì gbé e lọ. Rumi, akéwì ìgbàanì tí Iqbal gbà bí olùkọ́, yọ sí i, ó sì bá a wí pé ẹni tí ó bá fi ọpọlọ rin ọ̀nà ìfẹ́ dà bí ẹni tí ó tan fìtílà láti fi wá oòrùn. Títí dé ibí, àdámọ̀ náà dúró.

Ṣùgbọ́n nínú ìwé kan náà, ewì mìíràn wà níbi tí Goethe ti pàdé Rumi yìí kan náà ní ọ̀run, tí ó sì ka ìtàn àdéhùn tí ọ̀mọ̀wé nì bá èṣù ṣe sí i létí. Rumi kò bá Goethe wí. Ó yìn ín, ó gbà pé ó mọ àṣírí ìfẹ́. Òyìnbó méjì ni ó wá síwájú Rumi. Fìtílà ni ó bá lọ́wọ́ ọ̀kan, ó sì rí oòrùn lójú èkejì. Nítorí náà, àdámọ̀ náà ti fọ́ ní ọwọ́ ẹni tí ó mọ ọ́n. Ọ̀nà tí ènìyàn gbà mọ nǹkan ni Rumi ń ṣe ìdájọ́ rẹ̀. Ibi tí oòrùn ti yọ sí ẹni náà kò jámọ́ nǹkankan.

4.3 Lenin níwájú Ọlọ́run

Ẹ̀sùn tí ó wúwo jù tí Iqbal fi kan Ìwọ̀-Oòrùn wà nínú Bal-e Jibril (Ìyẹ́ Jibril), tí ó jáde ní 1935 ní èdè Urdu. Kò fi ẹ̀sùn náà sí ẹnu Mùsùlùmí, bẹ́ẹ̀ ni kò fi sí ẹnu ara Íńdíà. Lenin ni ó mú lọ síwájú Ọlọ́run. Lenin jẹ́wọ́ pé òun kò gbà tẹ́lẹ̀ pé Ọlọ́run wà, nítorí pé èrò àwọn ọlọ́pọlọ ń yí padà lójoojúmọ́. Lẹ́yìn náà ó béèrè pé Ọlọ́run àwọn wo ni Ọlọ́run í ṣe: àwọn aláwọ̀ funfun ni àwọn ará Ìlà-Oòrùn ń bọ, irin tí ń dán ni àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn sì ń bọ. Ó ní ilé ìfowópamọ́ ga ju ilé ìjọsìn lọ ní Yúróòpù, pé ohun tí wọ́n ń pè ní òwò jẹ́ tẹ́tẹ́, èrè ẹnìkan sì ni ikú ojijì fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Àwọn áńgẹ́lì kọrin, Ọlọ́run sì pàṣẹ fún wọn pé kí wọ́n jí àwọn tálákà ayé dìde.

Bí ewì yìí ti ṣe lágbára tó kò ṣẹ̀yìn ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Bí Mùsùlùmí ni ó bá sọ ọ́, ẹjọ́ aládùúgbò ni òǹkàwé yóò pè é. Ṣùgbọ́n ọmọ inú ilé ni ó tú àṣírí ilé. Èyí túmọ̀ sí pé Iqbal mọ̀ pé Ìwọ̀-Oòrùn ní ẹnu tí ó fi ń bá ara rẹ̀ wí, àti pé akéwì Ìlà-Oòrùn lè yá ẹnu náà láìtijú. Ẹ̀sùn náà sì kan àwọn ará Ìlà-Oòrùn pẹ̀lú, nítorí pé ẹni tí ó sọ aláwọ̀ funfun di òrìṣà kò lè wẹ ọwọ́ rẹ̀ mọ́.

4.4 Ìtànṣán tí ó kọ̀ láti padà

Ní 1936 ni Zarb-e Kalim jáde. Iqbal fúnra rẹ̀ pè é ní ìkéde ogun sí ayé òde òní. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ewì kéékèèké inú rẹ̀ kò ju ìkéde náà lọ lóòótọ́. Àwọn èyí tí ó kọ nípa obìnrin àti ẹ̀kọ́ rẹ̀ ṣe ìdájọ́ kí ẹnikẹ́ni tó rojọ́. Ṣùgbọ́n inú ìwé ogun yìí náà ni ewì kan wà tí ó yẹ kí ó yí ọkàn lámèyítọ́ padà nípa gbogbo ìjà náà. Orúkọ rẹ̀ ni Ìtànṣán Ìrètí.

Oòrùn pe àwọn ìtànṣán rẹ̀ padà pé ayé kò yẹ wọ́n. Wọ́n padà láti ibi gbogbo, wọ́n ní kò sí ìmọ́lẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn nítorí pé èéfín ẹ̀rọ ti wọ̀ ọ́ láṣọ dúdú, Ìlà-Oòrùn sì dákẹ́ rọ́rọ́. Ìtànṣán kan ṣoṣo ni ó ya aláìgbọràn. Ó bẹ oòrùn pé kí ó jẹ́ kí òun máa tàn títí gbogbo èérún ilẹ̀ Ìlà-Oòrùn yóò fi mọ́lẹ̀. Ó ní òun kò ní kúrò ní òkùnkùn Íńdíà títí àwọn tí ó sùn yóò fi jí. Ibẹ̀ ni ó ti rí àlùfáà Híńdù tí ó sùn sí ẹnu ọ̀nà ilé òrìṣà, àti Mùsùlùmí tí ó ń sunkún kádàrá nínú mọ́sáláṣí. Ewì náà wá parí pẹ̀lú ìmọ̀ràn pé kí ènìyàn má ṣe kórìíra Ìlà-Oòrùn, kí ó má sì ṣe sá fún Ìwọ̀-Oòrùn. Iṣẹ́ tí ẹ̀dá rán ni pé kí a sọ òru gbogbo di òwúrọ̀.

Nínú ewì yìí, ìtumọ̀ àtijọ́ ọ̀rọ̀ mashriq àti maghrib padà sípò. Ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn kì í ṣe orílẹ̀-èdè méjì mọ́. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n. Oòrùn sì lè wọ̀ níbikíbi, títí kan ẹnu ọ̀nà ilé òrìṣà àti inú mọ́sáláṣí. Ẹni tí ó bá fi àkọlé ogun tí ó wà lára ìwé náà parí èrò lórí Iqbal yóò pàdánù ewì tí ó dára jù nínú rẹ̀ lórí kókó yìí.

5.0 Nima Yushij: ẹyẹ tí kò ní ìlú kan

Nima dà bí òdìkejì Iqbal. Iqbal bá Ìwọ̀-Oòrùn jà nínú ìhun àtijọ́. Nima kò fi bẹ́ẹ̀ bá a jà, ṣùgbọ́n ó yí ìhun ewì Páṣíà padà lẹ́yìn tí ó ti ka ewì Faransé. Ní Yush, abúlé kan ní Mazandaran, ni wọ́n bí i sí. Ilé-ẹ̀kọ́ Saint Louis ní Tehran ni ó ti kọ́ èdè Faransé. Ìlànà ewì Páṣíà àtijọ́ wá láti inú ti Lárúbáwá, èyí tí àwọn onímọ̀ kéú ní Ìlọrin àti ní ìlú Yorùbá mìíràn mọ̀ dáadáa: gígùn àti kíkúrú sílébù ni wọ́n fi ń wọn ìlà, ìlà gbogbo sì gbọ́dọ̀ ní iye òṣùwọ̀n kan náà. Nima kò kó òṣùwọ̀n yìí dànù, gẹ́gẹ́ bí àwọn tí ó bá a jà ti ń sọ. Ó pa á mọ́, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí ìlà kan gùn kí òmíràn kúrú gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ bá ṣe fẹ́, ó sì lo ìró ìparí ìlà níbi tí ó bá wúlò nìkan.

Ewì tí ìyípadà yìí ti kọ́kọ́ fìdí múlẹ̀ ni Qoqnus, tí ó kọ ní 1938. Ẹyẹ qoqnus, tí ó máa ń fi iná sun ara rẹ̀ kí ọmọ rẹ̀ tó jáde láti inú eérú, dá wà lórí ẹ̀ka ọparun nínú atẹ́gùn tútù. Ó ń kó ohùn ìrora tí ó ti sọnù jọ láti ọ̀nà jíjìn, ó fi ń kọ́ ilé kan tí kò sí níbì kankan. Oòrùn ti ń wọ̀ lórí omi. Ajáko ń ké ní etí òkun. Ará abúlé kan dá iná sínú ilé rẹ̀. Níkẹyìn, ẹyẹ náà ju ara rẹ̀ sínú iná, àwọn ọmọ rẹ̀ sì jáde láti inú eérú.

Ọ̀pọ̀ ló gbà pé akéwì tuntun ni ẹyẹ náà. Ohun tí ó yẹ kí wọ́n fi kún un ni ìtàn ẹyẹ náà fúnra rẹ̀. Orúkọ rẹ̀, èdè Gíríìkì ni ó ti wá. Attar, akéwì Páṣíà tí ó gbé ayé ní ọ̀rúndún kejìlá sí ìkẹtàlá, ti fi í sínú ìwé rẹ̀ tí ó gbajúmọ̀ lórí ìpàdé àwọn ẹyẹ, ó sì sọ pé Íńdíà ni ilé rẹ̀. Ẹyẹ tí ó ní orúkọ Gíríìkì, tí ilé rẹ̀ wà ní Íńdíà, tí ó ti ń kọrin ní èdè Páṣíà fún ọgọ́rùn-ún ọdún lọ́nà púpọ̀, ni Nima gbé sí àárín ajáko àti iná abúlé Mazandaran. Ta ni yóò wá sọ pé ti Ìwọ̀-Oòrùn ni, tàbí pé ti Ìlà-Oòrùn ni? Bí ìlà ewì náà ti gba ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ Faransé, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ tí ó dúró lé ṣe jẹ́ ti abúlé Nima pátápátá. Nima náà ni ó sì kọ ewì ní èdè Tabari tí àwọn ará agbègbè rẹ̀ ń sọ, èdè tí kò ní ààfin tàbí ilé-ẹ̀kọ́ tí ó gbè é lẹ́yìn. Iqbal lọ sínú ìwé láti rí Ìlà-Oòrùn rẹ̀. Nima rí tirẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé.

Ní 1962, Jalal Al-e Ahmad tẹ ìwé rẹ̀ lórí ohun tí ó pè ní gharbzadegi jáde, èyí ni àrùn Ìwọ̀-Oòrùn. Ó fi í wé kòkòrò tí ń jẹ inú ọkà títí tí èèpo nìkan yóò fi kù. Gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ lórí epo rọ̀bì, ẹ̀rọ àti ọrọ̀-ajé, ìwé náà ní agbára púpọ̀. Ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n fún ewì, kò péye, nítorí pé ó gbà pé inú ọkà náà ti jẹ́ ẹyọ ohun kan ṣoṣo kí kòkòrò tó dé. Ẹyẹ Nima fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Forugh Farrokhzad, tí ó kú ní 1967 ní ọmọ ọdún méjìlélọ́gbọ̀n, ni ó jàǹfààní ìlànà Nima jù nípa kókó tí Akbar fi sílẹ̀. Nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1964, Tavallodi Digar (Ìbí Mìíràn), ó mú àkọlé ewì kan láti inú orin ìfẹ́-ìlú tí gbogbo ará Iran mọ̀. Ẹni tí ń sọ̀rọ̀ nínú ewì náà ń yọ̀ pé òun ti di ènìyàn nítorí pé wọ́n ti fún òun ní ìwé ìdánimọ̀ tí ó ní nọ́ńbà 678. Ẹ̀rín náà le: ó bọ́ lu ìgbéraga àtijọ́ àti ọ̀làjú tí ìjọba ń polówó nígbà kan náà. Obìnrin tí ó dákẹ́ lábẹ́ ìbòjú nínú ìlà Akbar ti la ẹnu, àwọn méjèèjì tí ó ń fi í jà ni ó sì ń bá wí. Láìsí ìlà tí Nima tú sílẹ̀, ohùn ojoojúmọ́ yìí ì bá má rí ààyè wọ inú ewì Páṣíà.

6.0 Ìkádìí

Àwọn kan lè sọ pé ewì ìjà kò nílò irú àyẹ̀wò yìí. Pé nígbà tí ilé ń jó, ariwo ni ó yẹ kí akéwì pa. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Musaddas Hali jí ọ̀pọ̀ ènìyàn, kò sì sí ẹni tí ó lè fi ọwọ́ rọ́ iṣẹ́ náà sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ariwo a máa parí nígbà tí iná bá kú. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kúrò ní Íńdíà ní 1947. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ewì tí kò ní ju èébú òyìnbó lọ sì ti di ohun ìtàn. Ewì páìpù Akbar ṣì ń pani lẹ́rìn-ín, Lenin Iqbal ṣì ń béèrè ìbéèrè rẹ̀, ẹyẹ Nima ṣì ń jó lórí òkè.

Ohun tí ó so àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ ni pé nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, olùfisùn àti ẹni tí wọ́n fi ẹ̀sùn kàn jọ ń gbé inú ilé kan. Akbar mu omi náà. Iqbal yá ẹnu Lenin àti ohùn Hafiz tí ó ti bá jà. Nima gbé ẹyẹ onílé púpọ̀ sí abúlé rẹ̀. Níbi tí wọ́n ti gbàgbé èyí, tí wọ́n wá obìnrin tàbí aládùúgbò tí wọn yóò di ẹrù náà lé lórí, ibẹ̀ ni ewì wọn ti di tẹ́ẹ́rẹ́. Nítorí náà, ìbéèrè tí ó yẹ kí lámèyítọ́ kọ́kọ́ bi ewì lórí ọ̀làjú ni pé apá wo lára obì ni akéwì gbà pé kòkòrò náà wà. Bí ó bá tọ́ka sí igbá ẹlòmíràn, kí òǹkàwé ṣọ́ra. Bí ó bá la obì ọwọ́ ara rẹ̀ níwájú gbogbo ènìyàn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹ ní gbígbọ́.